Okun Tí Kò Ní Òkun: Bí Ayé Ṣe Lu Jára Dé Ọ̀dọ̀ Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn òbí wọn sọ ní Kàbà nìyí. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo kọ ọ́, àfi àwọn ibi tí mo ti ń wọ́ ọ̀rọ̀ nílẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, mo júbà o. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọ wa tí wọ́n kó kúrò nídìí bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé kí ẹ lè wá gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbàlagbà, ẹ kú sùúrù. Okun o!

Ẹ ṣeun. Ẹ gbọ́ bí ilé yìí ṣe dáhùn. Nígbà tí mo wà ní Ìbàdàn, bí mo bá kí ará ilé wa bẹ́ẹ̀ lójú títì, àwọn tó wà nítòsí á yíjú, wọ́n á ní, "Ṣé òkun wà lọ́dọ̀ yín ni?" Mo máa ń ní rárá, okun tiwa, ti agbára ni, kì í ṣe alagbalúgbú omi. Láti ibi tí mo dúró sí yìí dé etí òkun l'Ékòó, odindi ọjọ́ kan ni, ìyẹn bí ọ̀nà bá gbà fún yín tí taya kò sì bẹ́. Òwé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú, Ọ̀wọ́rọ̀, gbogbo àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí tí wọ́n ń fi ìkíni yẹn pè ní Okun, kò sẹ́ni tó ní òkun nínú wa. Síbẹ̀, ohun tó gba ojú òkun kọjá tí kò dé ilé wa kò pọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní òkun ni n ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹta ọdún 2024, mo lọ sọ́jà láti ra iṣu àti ẹja gbígbẹ. Kò sówó lápò mi. Mo yà sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ṣe POS lábẹ́ agboòrùn. Ó ki káàdì mi bọ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń yí. Ó fà á yọ, ó fi etí aṣọ nù ún, ó tún kì í bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ ń yí. Ó dìde, ó na ẹ̀rọ náà sókè ọ̀run bí ẹni tó ń tọrọ òjò. Ó ní, "Bàbá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù díẹ̀." A ní sùúrù títí oòrùn fi yí. Ìyá oníṣu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò lè dá mi lóhùn mọ́, torí òun náà ń wá owó ọkọ̀ tí yóò fi padà sóko. Mo padà sílé lọ́wọ́ òfìfo. Ìròyìn alẹ́ ni mo ti wá gbọ́ pé wáyà abẹ́ òkun ló já nítòsí Abidjan, ní orílẹ̀-èdè Ivory Coast. MainOne wà lára àwọn tó já, WACS, ACE àti SAT-3 náà wà níbẹ̀, àwọn wáyà tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí ìhà tiwa láti Yúróòpù. Báǹkì tó dákẹ́ lọ́jọ́ náà kò níye.

Ẹ bá mi wò ó. Iṣu náà, ilẹ̀ wa ló ti hù. Ẹni tó gbìn ín dúró níwájú mi. Owó mi wà ní báǹkì, báǹkì náà sì ní ẹ̀ka tí n ó fẹsẹ̀ rìn dé. Gbogbo wa la wà nílé. Wáyà tó já sínú omi tí a kò rí rí ló ní ká má bára wa ná ọjà.

Ohun tí wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé nìyẹn. Àwọn ọ̀mọ̀wé pè é ní oríṣiríṣi orúkọ: ìsọdọ̀kan ayé, ìṣọ̀kan àgbáyé. Èmi kò fẹ́ràn "ìṣọ̀kan" nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà kì í ṣe ọ̀kan, wọn kàn mọ ilé ara wọn ni. Ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà fi sílẹ̀ tó mi: ayé lu jára. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá ọdẹ wú òkété rí, ẹ mọ̀ pé ihò òkété kì í ní ẹnu kan. Bí ẹ bá fín èéfín sí ojú ihò níbí, ẹ ó rí i tó yọ lẹ́yìn igbó lọ́hùn-ún, níbi tí ẹ kò fọkàn sí. Ìyẹn ni kí nǹkan lu jára. Ẹni tó jókòó síbi tí èéfín ti yọ lè máà mọ ẹni tó dáná. Ojú rẹ̀ á kàn máa ta á ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe rò pé fóònù ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ mi ń sọ pé oúnjẹ ìbílẹ̀ wa ló dára, kí á yé jẹ tòyìnbó. Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo inú àwo. Àgbàdo, láti Amẹ́ríkà ló ti wá. Ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe gàrí, láti ibẹ̀ náà ni. Ata, tòmátò, ẹ̀pà, kòkó, kaṣú, gbogbo wọn gun ọkọ̀ òkun wá, ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́wọ́ àwọn Pọtogí. Kí ló wá kù? Iṣu kù. Ẹ̀wà kù. Epo pupa kù. Owó ẹyọ tí àwọn baba wa fi ra iṣu náà, tí babaláwo ṣì ń lò dòní, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ pé òkun Íńdíà ni wọ́n ti kó o, ní àwọn erékùṣù Maldives. Ìgbín òkun ni. Ó gba òkun kọjá, ó gba aginjù kọjá, ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò rí omi tó ju odò lọ, ìyẹn sì fi ṣe ìdáná ìyàwó.

Mo gbé nǹkan kan dání. Ẹ jẹ́ kí ọmọbìnrin tó wà níwájú yẹn bá mi tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ẹ rí i? Ìyá ìyá mi ló ni ín, ará Bùnú ni. Ìpò ni, aṣọ pupa tí a fi ń ṣẹ̀yẹ òkú àgbà àti olóyè. Àwọn obìnrin ló ń hun ún lórí òfì tó dúró lóòró. Ọmọ mi, fọwọ́ pa òwú funfun yẹn. Báwo ló ṣe rí? Ó le díẹ̀, àbí? Òwú tí wọ́n ran nílé ni. Wá fọwọ́ pa pupa yẹn. Ó rọ̀, ó sì ní irun wẹ́wẹ́ lára. Kì í ṣe òwú ilé wa. Aró wà lọ́dọ̀ wa tó ń mú aṣọ dúdú, ṣùgbọ́n irú pupa tó ń kọ yẹ̀rì yìí, kò sí. Kí ni àwọn ìyá wa ṣe? Wọ́n ra aṣọ pupa òyìnbó, títí kan búláńkẹ́ẹ̀tì pupa tí wọ́n ń lò nílé ìwòsàn. Wọ́n jókòó, wọ́n tú u ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan, wọ́n ká a jọ, wọ́n sì tún un hun sínú aṣọ tiwọn.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró síbẹ̀ pẹ̀lú mi. Wọn kò da búláńkẹ́ẹ̀tì náà bora kí wọ́n ní àwọn ti lajú. Wọn kò sì jù ú nù pé ohun àjèjì ni. Wọ́n tú u. Ẹni tó bá ti tú búláńkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo rí mọ̀ pé iṣẹ́ ojoojúmọ́ kọ́ ni: òwú á já, ojú á ro, ìka á bó. Ohun tó wá ti ibẹ̀ jáde di aṣọ tó jẹ́ pé bí kò bá sí i, wọ́n á ní òkú àgbà náà kò rí ẹ̀yẹ. Ohun tí a sọ pé ó jẹ́ tiwa jù lọ, fọ́nrán inú rẹ̀ gba ojú omi wá. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń bínú sí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí mo sọ ọ́ nílé òkú kan. Wọ́n ní mo fẹ́ ba àṣà jẹ́. Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Èmi rí i pé àwọn obìnrin yẹn gbọ́n ju ọ̀pọ̀ mínísítà lọ.

Àmọ́ o, kì í ṣe gbogbo ohun tó dé ni a ráyè tú. Ẹ wo Lọ́kọ́ja. Ní 1854, Dókítà William Balfour Baikie gun odò Ọya, òun àti Samuel Ajayi Crowther, wọ́n sì padà láìpàdánù òyìnbó kan sọ́wọ́ ibà. Tẹ́lẹ̀, bí òyìnbó bá wọ odò yẹn, wọ́n á kú bí eṣinṣin. Kí ló yí padà? Kuiníìnì tí Baikie ní kí wọ́n máa mu lójoojúmọ́, inú èèpo igi kan ní Peru ni wọ́n sì ti ń rí i, ní gúúsù Amẹ́ríkà. Èèpo igi ilẹ̀ ibòmíràn ló ṣílẹ̀kùn odò wa. Lẹ́yìn náà ni Baikie tẹ̀dó sí Lọ́kọ́ja. Epo pupa ni òwò wọn ń wá, Liverpool ń fi í se ọṣẹ, ó sì ń fi í pa ẹ̀rọ lára. Ìgbà tó yá, ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Royal Niger Company gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọba wọn ní 1886, ó sì ń ṣèjọba: ó ní kọ́ọ̀tù, ó ní ọmọ ogun.

Àwọn àgbà wa ti rí ogun Núpé kó tó dìgbà yẹn. Ẹṣin láti Bídà ti kó wa lẹ́rú tó. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ ogun ilé iṣẹ́ yẹn kọjá ní Kàbà yìí ní oṣù kìíní ọdún 1897, tí wọ́n sì tibẹ̀ lọ ṣẹ́gun Bídà, ẹni tó yọ̀ nínú wa kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tó kù. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, wọ́n sọ àsíá ilé iṣẹ́ náà kalẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, wọ́n fa ti ọba gẹ̀ẹ́sì sókè. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì san £865,000 fún ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n tà wá. Oníṣòwò tà wá fún ìjọba, kò sì sẹ́ni tó wá bi bàbá bàbá mi pé eélòó ni òun ń ta oko òun. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ilé iṣẹ́ ńlá ayé ìsinsìnyí lágbára ju ìjọba lọ, kí ẹ rántí pé àwa ti gbé lábẹ́ irú rẹ̀ rí.

Èyí tó tún pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìbànújẹ́ ni o: nígbà tí àrùn ìfulẹ́ńsà tó pa ayé ní 1918 fẹ́ wọ Èkó ní oṣù kẹsàn-án, ọkọ̀ òkun ló gbé e dé. Orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà? Bida.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti kọfí, torí ilé wa ló ti ṣẹlẹ̀.

Bàbá mi gbin kọfí. Ẹ̀yin ọmọdé kò mọ̀ pé kọfí ló sọ Kàbà àti Ìjùmú lórúkọ nígbà kan. Irú tó ń jẹ́ rọ̀bọ́sítà ni. Bí èso rẹ̀ bá pọ́n, àwa ọmọ á já a, a ó sá a sórí àpáta títí yóò fi dún ṣàkàṣàkà bí a bá gbọ̀n ọ́n. Bàbá mi kò mu kọfí rí títí ó fi kú. Ó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ó ní ó korò bíi dóńgóyárò, kí ló ń ṣe òyìnbó. Ṣùgbọ́n òun ló fi rán èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ sílé ìwé.

Ní oṣù keje ọdún 1975, ìrì dídì bọ́ sórí oko kọfí ní ìpínlẹ̀ Paraná, ní Brasil, ó sì jó igi kọfí wọn ní àìmọye. Nígbà tí yóò fi di 1977, owó kọfí ti gun òkè àjà lágbàáyé. Bàbá mi kò mọ Paraná. Ohun tó mọ̀ ni pé àwọn tó ń ra ọjà kò bá òun fa ọ̀rọ̀ mọ́. Èmi kò tilẹ̀ rò pé gbogbo èrè yẹn dé ọwọ́ rẹ̀, nítorí ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń rí sí kòkó àti kọfí, Ìbàdàn ni ó fìdí kalẹ̀ sí, òun ló ń dá iye. Bí owó bá lọ sókè lókè òkun, ìgbìmọ̀ á fà lára rẹ̀. Bí ó bá já wálẹ̀, wọ́n ní àwọn á dáàbò bo àgbẹ̀. Ó dáàbò bò ó díẹ̀, mi ò ní parọ́.

Ẹ wá wo ọdún kan ṣoṣo, 1986. Ọdún yẹn ni ìjọba wa tú àwọn ìgbìmọ̀ náà ká nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, wọlé, pé kí ọjà máa bá ara rẹ̀ ṣe é. Ọdún yẹn gan-an ni ìjọba Fiẹtnámù, ní Éṣíà lọ́hùn-ún, yí ètò ọrọ̀ ajé wọn padà, wọ́n fún àgbẹ̀ láàyè láti gbin ohun tó wù ú kí ó sì tà á. Ìjọba ibẹ̀ kò fọwọ́ lẹ́rán, wọ́n ya ilẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n yá àgbẹ̀ lówó, wọ́n fa omi. Kọfí rọ̀bọ́sítà ni wọ́n dojú kọ. Ní oṣù keje ọdún 1989, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń dín iye kọfí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè gbé lọ sọ́jà fọ́ yángá. Olúkúlùkù da ọjà tirẹ̀ síta, owó wó. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí ọdún 2000, Fiẹtnámù ti kọjá gbogbo ayé àfi Brasil. Lọ́dún kan sí méjì lẹ́yìn ìyẹn, kọfí kò tó owó tí wọ́n fi ń já a.

Mo wà nílé lọ́jọ́ tí bàbá mi gé kọfí rẹ̀. Kò pe ẹnì kankan. Àdá rẹ̀ ni mo gbọ́ láàárọ̀, tó, tó, tó, mo rò pé igi ìdáná ni. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti gé ìlà mẹ́ta. Ó ní, "Igi tí kò bọ́ mi mọ́, kí ló ń jẹ ilẹ̀ mi sí?" Kò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ bíi tòun kan ní Fiẹtnámù, tí ẹsẹ̀ tiẹ̀ náà dọ̀tí, tó sì ń fẹ́ rán ọmọ nílé ìwé, ni èéfín náà ti ta wá. Wọn kò pàdé rí. Wọn ò sì ní ìjà.

Ó gbin kaṣú rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ kaṣú, ẹ ti jí i jẹ tó. Láti bíi oṣù kejì ni àwọn tó ń rà á yóò ti máa gbé ìwọ̀n àti àpò kiri, tí ọkọ̀ akẹ́rù yóò máa kó o lọ sí Èkó. Níbo ló ń lọ láti Èkó? Ọ̀pọ̀ rẹ̀, Íńdíà àti Fiẹtnámù ni. Bẹ́ẹ̀ ni, Fiẹtnámù náà! Ibi tí kọfí wa ti ṣubú ni kaṣú wa tún forí lé.

Kí ni wọ́n ń fi ṣe? Ẹ wo kóró kaṣú kan tí mo mú dání yìí. Èèpo rẹ̀ ní epo kan tó ń jó ọwọ́. Ẹni tó bá ti fi ehín fọ́ ọ lọ́mọdé rí, ètè rẹ̀ á bá mi jẹ́rìí. Wọ́n á fi ooru sè é, wọ́n á fi ẹ̀rọ fọ́ ọ, wọ́n á bó awọ pẹ́lẹ́ńbẹ́ tó wà lára èso inú rẹ̀, wọ́n á ṣà á: odindi lọ́tọ̀, ààbọ̀ lọ́tọ̀, wẹ́wẹ́ lọ́tọ̀. Kílò mẹ́rin sí márùn-ún irú èyí ni yóò mú kílò kan èso inú jáde. Wọ́n á dì í, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Fiẹtnámù ló ń ta èso kaṣú tí wọ́n ti bó jù lọ lágbàáyé, bẹ́ẹ̀ kóró tí wọ́n ń bó yẹn, púpọ̀ rẹ̀ ti Áfíríkà wá. Ẹ rí i pé àwọn ló jókòó tú búláńkẹ́ẹ̀tì báyìí. Àwa ló ń ru ú lọ bá wọn.

Kí ó lè tún dùn wá dáadáa, ní 2024 ọ̀dá dá ní Fiẹtnámù, tọ́ọ̀nù rọ̀bọ́sítà kan kọjá dọ́là 5,000 ní ọjà Lọ́ńdọ̀nù, iye tí a kò rí láti ọ̀pọ̀ ọdún. Mo lọ wo oko bàbá mi lọ́dún náà. Kọfí mẹ́rin ló kù, lẹ́bàá odò, tí kò rójú gé. Ẹyẹ ló ń jẹ èso wọn.

Àwọn kan ti ń sọ pé kòkó ni ká sáré gbìn. Mi ò ní kí ẹ má gbìn ín. Mo kàn ní kí ẹ rántí pé kòkó kọjá dọ́là 12,000 fún tọ́ọ̀nù kan ní oṣù kejìlá ọdún 2024, nígbà tí ọdún 2025 sì fi ń parí lọ, ó ti já wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì ìyẹn. Igi kòkó a máa gba ọdún mẹ́ta, mẹ́rin kó tó so. Kò sí ẹni tó lè fi owó ọjà òní gbin igi ọdún mẹ́rin.

Ti iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńkọ́? N kò ní pẹ́ níbẹ̀. Àwọn ará wa pọ̀ ní Kàdúná nígbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru níbẹ̀; Kaduna Textile ṣí ní 1957. A wọ ẹgbẹ́ òwò àgbáyé, WTO, ní 1995. Aṣọ olówó pọ́ọ́kú láti Ṣáínà wọlé, èyí tí a fi fàyàwọ́ gbé ju èyí tó gba ẹnu ibodè lọ. Iná kò sí, epo ẹ̀rọ wọ́n. Ní 2007, United Nigerian Textiles tó gbẹ̀yìn nínú àwọn ńláńlá náà ti ilẹ̀kùn. Kì í ṣe Ṣáínà nìkan ló pa wọ́n o. Iná mànàmáná tiwa kó nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà. Àwọn tó padà wálé lọ́wọ́ òfìfo nígbà náà, àwọn kan nínú wọn ni bàbá àwọn ọmọ tó ń gun ọ̀kadà níta yẹn.

Àwọn ọmọ ti wá já pa. A kò lè sọ̀rọ̀ ayé lu jára ká fo ìyẹn. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn olùtọ́jú arúgbó ní oṣù kejì ọdún 2022, mo mọ ilé tí olùkọ́ méjì ti fi chalk sílẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2024 wọ́n ní kí wọ́n má mú aya àti ọmọ dání mọ́. Ní oṣù keje ọdún 2025, wọ́n ti ìlẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti òkèèrè. Àwọn ọmọ wa ń tọ́jú ìyá onílẹ̀ ní Manchester, ìyá tiwọn ń dá pọn omi nílé. N kò sọ ọ́ láti bú ẹnikẹ́ni. Owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ló kan òrùlé ọ̀pọ̀ ilé tí ẹ rí ní òpópónà yìí, láti ìgbà tí wọ́n sì ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, pọ́n-ùn díẹ̀ ń ra ohun púpọ̀. Èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn yàtọ̀.

Ìsìnkú kan ni mo lọ ní apá Ìyàgbà lọ́hùn-ún. Àkọ́bí òkú náà wà ní òkè òkun, ìwé rẹ̀ kò pé, bí ó bá jáde kò ní lè wọlé mọ́. Ọmọ àbúrò rẹ̀ di fóònù mú lórí sàréè kí ó lè máa rí i. Nígbà tí wọ́n fẹ́ da erùpẹ̀, ó ní kí wọ́n dúró. Wọ́n dúró. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan, àwòrán rẹ̀ dì gbagidi lójú fóònù, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ohùn kò jáde. A dúró títí. Àlùfáà ń wo aago. Nígbà tí kò padà, wọ́n da erùpẹ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ kan lórí èdè, kí n tó jókòó. Yorùbá tí mo ń sọ fún yín yìí, kì í ṣe ti ìyá mi. Yorùbá inú Bíbélì ni, èyí tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ parí ní 1884, tí ó ti ọ̀dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì dé ilé ìwé, tí ilé ìwé fi nà wá dé ara. Nígbà tí Tommy Titcombe, míṣọ́nnárì tó ti Kánádà wá, dé Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Ìyàgbà ní 1908, Bíbélì yẹn ti wà nílẹ̀. Ó fún wa lẹ́nu tí a fi lè bá ará Ìjẹ̀bú sọ̀rọ̀, mo dúpẹ́. Ó sì jẹ́ kí ọmọ Òwé máa tijú ẹnu Òwé kó tó di pé gẹ̀ẹ́sì wá ń mú un tijú Yorùbá. Àkàbà ni. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ní Abuja wà lórí àtẹ̀gùn tó gbẹ̀yìn, wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀ bíi àwọn tó wà nínú àwòrán kàtúùnù Amẹ́ríkà.

Mo ti gbé aṣọ ìyá ìyá mi yìí fún àwọn tó mọ̀ nípa aṣọ wò. Wọ́n ní irú rẹ̀ wà nípamọ́ ní British Museum, ní Lọ́ńdọ̀nù. Òwú pupa yẹn ti padà sílé tó ti wá nìyẹn. Ohun tí àwọn ìyá wa fi kún un ló sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń tọ́jú. Ẹ jẹ́ kí ọmọbìnrin wa bá mi ká a padà o, rọra, rọra.

Lẹ́yìn tí mo parí, wọ́n ní kí àwọn èèyàn bi mí léèrè. Bàbá kan dìde lẹ́yìn, àgbẹ̀ kaṣú ni. Ó ní gbogbo ohun tí mo sọ yé òun, ìbéèrè òun kò gùn: bí àwọn olùrà bá dé ní oṣù kejì, báwo ni òun ṣe fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń rà á ní Fiẹtnámù, kí wọ́n má baà rẹ́ òun jẹ? Mo ní kò le. Mo ní ṣé ọmọ wọn ní fóònù tó ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì? Ó ní ó ní. Mo ní kí ó jẹ́ kí ọmọ náà wo iye ọjà fún un láràárọ̀, kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo tún fi kún un pé nínú fóònù yẹn pàápàá, wọ́n ń fi irin kan tó ń jẹ́ tántálọ́ọ̀mù sí i, irú òkúta tó ń mú un jáde sì wà nínú ilẹ̀ Ẹ̀gbẹ̀.

Bàbá náà wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Arsenal ni tèmi ń wò lórí tiẹ̀."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ tó wà níwájú ló pariwo jù, mo sì jókòó.